Ìbéèrè tí Dick Cheney kò retí

Tábìlì kan ló wà láàárín wọn. Ọkùnrin méjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, obìnrin kan dojú kọ wọ́n, ìwé rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni, ní yunifásítì Case Western Reserve, ìlú Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio. Dick Cheney, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà. Ìkejì ni John Edwards, sẹ́nétọ̀ tó fẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ogun Iraq ni gbogbo ayé ń retí pé wọ́n máa jà lé lórí, wọ́n sì ti jà á títí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Obìnrin yìí wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí àrùn kògbóògùn éèdì. Kì í ṣe ti Áfíríkà, kì í ṣe ti Ṣáínà; ti Amẹ́ríkà níbí gan-an ni. Ó ní àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 25 sí 44, àrùn yìí ń pa wọ́n ní ìlọ́po 13 ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Kí ló yẹ kí ìjọba ṣe sí i?

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Cheney ní òun kò gbọ́ iye yẹn rí, pé òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ó kan Edwards. Áfíríkà tí wọ́n ní kó má lọ gan-an ló gbà lọ, ó ya Sudan, ó wá fàbọ̀ sórí àwọn tí kò ní ètò ìlera. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó dáhùn nínú wọn. Obìnrin náà kò jágbe mọ́ wọn, kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó kọjá sí ìbéèrè mìíràn, ó fi ohun tí wọ́n ti sọ sílẹ̀ sójú gbogbo ayé.

Gwen Ifill lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa kú ní ọdún 2016, ó ti lo nǹkan bí ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ ìròyìn, ó sì ti lo ọdún méjìlélógún nínú rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó fọ̀rọ̀ wá àwọn ààrẹ lẹ́nu wò, ó jókòó sórí àga tí obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan kò jókòó sí rí. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó fi irú oníròyìn tó jẹ́ hàn, alẹ́ ọjọ́ Cleveland yẹn ni mo máa mú. Kì í ṣe torí pé igbákejì ààrẹ kò rí èsì fọ̀. Torí ibi tí ìbéèrè náà ti wá ni. Nínú ọ̀pọ̀ oníròyìn tó lè jókòó sórí àga yẹn, èmi ò rò pé ẹlòmíràn máa rántí bèèrè rẹ̀.

Ọmọ àlùfáà

Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1955 ni wọ́n bí i, ní àdúgbò Jamaica ní Queens, New York. Òun ni ìkarùn-ún nínú ọmọ mẹ́fà. Panama ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ sì wá láti Barbados. Àlùfáà ni bàbá náà nínú ìjọ African Methodist Episcopal, ìjọ tí Richard Allen àti àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1816, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà ní ìrọ̀rùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ funfun.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì dáadáa mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ lójú kan. Ìwé á dé, ìyá á di ẹrù, àwọn ọmọ á yí ilé ìwé padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣí kiri: New York, Pennsylvania, Massachusetts. Nígbà mìíràn, ilé tí ìjọ fún wọn ni wọ́n ń gbé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni. Ọmọ tó bá dàgbà báyìí á mọ bí èèyàn ṣe ń wọ yàrá tó kún fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, á sì tètè mọ ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Nǹkan kan wà tí kì í yí padà ní ilé náà, ìròyìn alaalẹ́. Gbogbo ilé ló ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni, ìgbà ogun Vietnam sì ni. Ọmọbìnrin náà ń wò, ó ń gbọ́, ó sì ń kíyè sí i pé nínú gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ, kò sí obìnrin, kò sí aláwọ̀ dúdú, kò sẹ́ni tó jọ òun lọ́nà kankan. Ó gbé èyí sọ́kàn títí tó fi ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún kó tó sọ ọ́ síta fún oníròyìn kan.

Bébà orí tábìlì

Simmons College ní Boston ló ti gboyè ní 1977. Kó tó jáde, ó ti ń kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Boston Herald American. Boston ìgbà yẹn gbóná. Ní 1974, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ dúdú lọ sí ilé ìwé àdúgbò àwọn funfun, kí wọ́n sì máa kó àwọn ọmọ funfun lọ sí ti àwọn dúdú, kí ìyapa lè dópin. Àwọn àgbàlagbà dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń sọ òkúta lu bọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀.

Ìlú yẹn ni ọmọ àlùfáà yìí ti ń kọ́ṣẹ́. Ó dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá bébà kan níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Èébú burúkú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Ó mú un lọ fún àwọn olóòtú. Ìtìjú bá wọn, wọ́n sì ní tó bá ti kàwé tán, iṣẹ́ ń dúró dè é. Bó ṣe di òṣìṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni pé kò sọ bébà náà di ohun tí á máa gbé kọ́rùn kiri. Bí wọ́n bá bi í, á sọ ọ́. Tó bá sọ ọ́ tán, ó parí nìyẹn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó wọlé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Láti Boston ó lọ sí Baltimore Evening Sun ní 1981, ó sì dé Washington Post ní 1984. Níbẹ̀ ló ti rí irú ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti rí rí. Ó fẹ́ máa kọ̀ròyìn ilé aṣòfin àpapọ̀, wọ́n ní kò tíì tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ó kúrò. Ilé iṣẹ́ New York Times gbà á ní 1991, wọ́n sì ní kó máa kọ̀ròyìn White House, ibùgbé ààrẹ fúnra rẹ̀.

Bó ṣe dé ojú ẹ̀rọ

Tim Russert, tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ NBC ní Washington, ló fà á wọ tẹlifíṣọ̀n ní 1994. Ọ̀pọ̀ oníròyìn ìwé nígbà yẹn ló ka tẹlifíṣọ̀n sí ibi tí ẹwà ti ṣe pàtàkì ju òye lọ, òun náà kò sì kánjú lọ. Ó lọ nígbẹ̀yìn, ó sì lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, ilé aṣòfin tí wọ́n ní kò tó fún ló sì ń ròyìn rẹ̀.

Ní 1999, PBS mú un. Tẹlifíṣọ̀n aráàlú ni PBS. Kì í ṣe ti oníṣòwò kan, owó táwọn tó ń wò ó ń dá, owó ìjọba àti owó àwọn olóore ni wọ́n fi ń gbé e ró nígbà náà. Ètò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Washington Week, tó ti wà láti 1967. Ifill ni wọ́n fi ṣe atọ́kùn rẹ̀. Kò sí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ṣe atọ́kùn irú ètò òṣèlú bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà rí.

Bí ètò náà ṣe rí kò le láti ṣàlàyé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn akọ̀ròyìn mélòó kan á jókòó yí tábìlì ká. Wọn kì í pe olóṣèlú síbẹ̀. Ẹni tó lọ sílé aṣòfin lọ́sẹ̀ náà á sọ ohun tó rí, ẹni tó bá ààrẹ rìnrìn-àjò á sọ ohun tó gbọ́. Atọ́kùn á máa bi wọ́n bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ìgbà náà sì ni ariwo ń gba ojú tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn jókòó kí wọ́n lè máa bú ara wọn.

Obìnrin Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland sọ fún mi pé òun kì í pàdánù ètò náà ní gbogbo ìgbà tí Ifill fi wà níbẹ̀, àyàfi tí iṣẹ́ alẹ́ bá gbé òun. Kì í ṣe pé òun gbọ́ òṣèlú Amẹ́ríkà yé nígbà tí òun dé. Ètò yẹn ló jẹ́ kó yé òun. Ó ní bí àlejò bá ti sọ ọ̀rọ̀ tó díjú, Ifill á ní kó tún un sọ kó yéni. Ó ní òun ka èyí sí ọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń wò ó.

Olùkọ́ iṣẹ́ ìròyìn kan tí mo bá sọ̀rọ̀ fi kún un. Ó ní àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníròyìn ni pé wọ́n máa ń ṣe àwíyé kí wọ́n tó bèèrè. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ibi ìbéèrè, olóṣèlú á ti rí ibi mẹ́ta tó lè gbà yọ. Ìbéèrè Ifill kì í gùn. Tó bá bèèrè tán, á dákẹ́.

Èébú orí rédíò

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló dákẹ́, ó sì yẹ kí n sọ èyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan, Don Imus, sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Rutgers. Dúdú ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìlú gbóná.

Ifill kọ àpilẹ̀kọ kan sínú New York Times lọ́jọ́ kẹwàá oṣù náà. Níbẹ̀ ló ti sọ ohun tí Imus sọ nípa rẹ̀ ní 1993, ìgbà tó ń kọ̀ròyìn White House. Ọdún bíi márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sọ fún un pé Imus yìí kan náà ní New York Times mà dáa o, wọ́n jẹ́ kí obìnrin agbálẹ̀ máa ròyìn ilé ààrẹ. Ó kọ ọ́ pé òun kò wá gbèjà ara òun. Àgbàlagbà ni òun, òun sì lè gbé e. Àmọ́ àwọn ọmọbìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ìdíje ńlá tí wọ́n fi òógùn wọn dé, kò sì yẹ kí ọkùnrin kan fi ẹnu ba ayọ̀ wọn jẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wà lórí ètò Russert, ọkùnrin tó fà á wọ tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ ọ́ lójú rẹ̀, àti lójú akọ̀ròyìn mìíràn tó wà níbẹ̀, pé àwọn oníròyìn ńláńlá tó máa ń lọ sórí ètò Imus, tí wọ́n sì ń dákẹ́ bó ṣe ń bú èèyàn, wọ́n ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣòro kéèyàn sọ òótọ́ fún ọ̀tá, ó tún wá ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ kéèyàn sọ ọ́ fún olóore ẹni lójú gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, ìgboyà yìí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù.

Alẹ́ St. Louis

Ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987 láti máa ṣètò ìjiyàn àwọn olùdíje ló tún yàn án ní 2008. Sarah Palin àti Joe Biden, àwọn tó ń du ipò igbákejì ààrẹ, ló fẹ́ pàdé ní St. Louis lọ́jọ́ kejì oṣù kẹwàá. Kó tó di ọjọ́ náà, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ sí i.

Àkọ́kọ́, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ìwé tó ń kà fún ìmúrasílẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ìkejì ló dun àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ó ti ń kọ ìwé kan lọ́wọ́, The Breakthrough, lórí ìran tuntun àwọn olóṣèlú aláwọ̀ dúdú: Barack Obama, Deval Patrick, Cory Booker, Artur Davis. Ọjọ́ ìbúra ààrẹ, 20 oṣù kìíní ọdún 2009, ni ìwé náà máa jáde. Àwọn kan pariwo pé tí Obama bá wọlé, ìwé rẹ̀ máa tà. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní ṣègbè?

Ọ̀rọ̀ ìwé náà kì í ṣe àṣírí. John McCain, olùdíje fún ipò ààrẹ tó mú Palin ṣe igbákejì, fúnra rẹ̀ sọ pé òun gbà pé Ifill máa ṣe é láìṣègbè. Mo gbà pé ó tọ̀nà kí èèyàn bèèrè. Ohun tí kò tọ́ lójú tèmi ni bí àwọn kan ṣe rò pé obìnrin dúdú tó bá kọ̀wé nípa ọkùnrin dúdú ti gbè sẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn, láì tíì ka ojú ewé kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníròyìn funfun ló ti kọ̀wé nípa olóṣèlú funfun, kò sì sẹ́ni tó fi ìyẹn lé wọn dìde.

Ó gun orí ìtàgé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rin mílíọ̀nù èèyàn tó wò wọ́n lálẹ́ náà. Kò sí ìjiyàn àwọn igbákejì ààrẹ kankan ṣáájú rẹ̀ tí èèyàn wò tó bẹ́ẹ̀.

Láàárín kan, Palin sọ ọ́ gbangba pé òun lè má dáhùn ìbéèrè bí atọ́kùn tàbí Biden ṣe fẹ́, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀ tààrà. Ifill kò lé e. Ọ̀pọ̀ ló bínú sí i fún èyí, òun náà sì gbà lẹ́yìn náà pé Palin kàn fọwọ́ rọ́ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Òfin tí àwọn olùdíje méjèèjì jọ fọwọ́ sí kò fún un láyè púpọ̀. Síbẹ̀, mo rò pé ó yẹ kó lé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ló so ọwọ́ rẹ̀, bí mo ṣe rí i sí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti pè ní elégbè kó tó jókòó á máa rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Èyí wà lára ohun tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ máa ń gbà lọ́wọ́ oníròyìn, kì í sì í hàn sójú gbogbo èèyàn.

Obìnrin méjì nídìí tábìlì kan

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, òun àti Judy Woodruff bẹ̀rẹ̀ sí í jọ darí PBS NewsHour, ìròyìn alaalẹ́. Tẹlifíṣọ̀n àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní irú ẹ̀ rí, obìnrin méjì láìsí ọkùnrin láàárín wọn. Ifill ní ohun tó jẹ òun lógún ni pé ọmọbìnrin kékeré tó bá tan tẹlifíṣọ̀n lálẹ́, tó bá rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó má rí nǹkan kan tó ṣàjèjì níbẹ̀.

Ìyá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì yẹn ní òun pe ọmọ òun lálẹ́ ọjọ́ kan pé kó wá wo nǹkan. Ọmọ náà dúró, ó wò ó, ó ní kí ni kí òun máa wò. Ó padà sídìí iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, Ifill àti Woodruff jọ darí ìjiyàn Hillary Clinton àti Bernie Sanders ní Milwaukee. Ní oṣù kẹrin, Ifill gba ìsinmi ráńpẹ́ nítorí ìlera, kò sì ṣàlàyé. Ó padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó wà ní Elkhart, ìpínlẹ̀ Indiana, ó dúró láàárín àwọn aráàlú pẹ̀lú Ààrẹ Obama, wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ààrẹ, òun náà ń bèèrè tirẹ̀. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ló ń bá a fínra. Àwọn tó ń wò ó nílé kò mọ̀.

Nígbà tí ìbò ààrẹ dé ní oṣù kọkànlá, kò sí lórí àga rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù náà ló kú, ní ẹni ọdún 61. Obama ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni, ó sì ní òun bọ̀wọ̀ fún un, kódà nígbà tó bá jẹ́ òun ni ìbéèrè líle rẹ̀ bá.

Ṣọ́ọ̀ṣì Metropolitan A.M.E. ní Washington ni wọ́n ti ṣe ìsìnkú rẹ̀, nínú ìjọ bàbá rẹ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ìjọ. Michelle Obama wà lára àwọn tó wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹpù, ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni wọ́n sì kó wá láti ṣí i. Ojú rẹ̀ wà lórí lẹ́tà báyìí. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí ilé mìíràn, láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, bí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe nígbà tí ìjọ ń gbé bàbá kiri.